Ọ̀rọ̀ Ọkọ Mi Lórí Rédíò

Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń dúró de mọ́tò Ọ̀yọ́, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ mi lẹ́nu ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí. Ọkùnrin náà fẹ́ ra mọ́ínmọ́ín, obìnrin tó ń tà á ní ó ti tán, ni ọkùnrin bá fẹyín, ó ní, "Ṣí ìkòkò kí n wò ó." Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà kan tilẹ̀ dá ọ̀kadà dúró, ó ní, "Àkànní, Àṣàbí ò tíì jẹun ni?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé ó kù díẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè pé èmi ni mo kọ ọ́, èmi gan-an, ẹ wò mí dáadáa. Àfi bí mo ṣe rántí pé ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ò jìnnà síbi tí mo dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ nǹkan kan. Lójú àwùjọ, "wọ́n" ni mo ń pe ọkọ mi, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń pè é ní "wọ́n" jálẹ̀ ìtàn yìí, ẹ ò ní mọ ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan àti ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, "ó" ni màá máa pè é níbí. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ fún ìyá ọkọ mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ eré ìfẹ́ fún rédíò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun là ń gba ohùn sílẹ̀ l'Ọ̀yọ́, ọjọ́ Ẹtì ló ń jáde, ní aago mẹ́rin, nígbà tí àwọn tó lọ kírun Jímọ̀ ti padà sílé tí wọ́n ti jẹun. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ èyí, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo wà ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, mò ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ló sọ mí di òǹkọ̀wé. Wọ́n á tẹ iṣẹ́ tán, wọ́n á wá máa fọwọ́ họrí, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan tí mo lè kọ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan." Màá bá wọn wá a. Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu ni ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, tó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọmọkùnrin méjì fi ránṣẹ́ sí i hàn mí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kóńmà kan ò yàtọ̀. Ó bi mí pé nínú èmi àti àwọn méjèèjì, ta ló ń fẹ́ òun gan-an. Mo ra mínírà tútù fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ìtàn yìí ló dé etí Alàgbà Oyèkúnlé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, àwọn ló sì ń darí eré nílé iṣẹ́ rédíò kékeré kan l'Ọ̀yọ́. Wọ́n ní obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbé ọmọkùnrin méjì dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan, tí ọmọbìnrin ọ̀hún sì ka méjèèjì parí kó tó bínú, irú ẹni bẹ́ẹ̀ làwọn ń wá. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé eré mi fún wọn tìgbéraga-tìgbéraga. Mo ti jẹ́ kí ọkùnrin inú eré náà wí fún ìyàwó rẹ̀ pé ojú rẹ̀ ń tàn bí òṣùpá, pé òun ò lè mí bí kò bá sí nítòsí. Alàgbà Oyèkúnlé fi awò sójú, wọ́n kà á sókè ketekete bí ẹni ń ka ìkéde òkú. Àwọn òṣèré ń fi ìwé bo ẹnu kí n má baà rí ẹ̀rín wọn. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n bi mí pé, "Ìyá Kàfáyà, ta ló ń bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí l'Ọ̀yọ́?"

Mo ní kò sí.

"Ọkọ tiyín ńkọ́, kí ló máa ń sọ?"

"Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀, sà."

"Kò sí ọkọ tí kì í sọ̀rọ̀," wọ́n ní. "Ẹ ò tíì gbọ́ ọ ni. Ẹ padà lọ sílé, ẹ lọ gbọ́ ọ."

Mo kùn títí mo fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ò mọ ọkọ mi. Músílíù lorúkọ rẹ̀, jórinjórin ni, ọmọ Ìkòyí-Ilé. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe. Oríkì wọn ní jagunjagun ni wọ́n látilẹ̀wá, ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́ta bá jọ wo ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ló máa wá ibi tó máa gbà sá lọ. Bó bá sọ gbólóhùn mẹ́wàá lóòjọ́, mẹ́fà nínú rẹ̀, irin ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Mo ra ìwé àjákọ kan, mo fi pamọ́ sẹ́yìn agolo iyọ̀ ní ilé ìdáná, mo sì la etí sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́?" Mo ní mo ti jẹun. Ó ní, "Ṣí ìkòkò kí n wò ó." Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀, ọdún mọ́kànlá ni mo sì fi rò pé ó ń ṣọ́ mi ni, bóyá mò ń fi oúnjẹ ṣòfò. Ọjọ́ yẹn ni mo tó fiyè sí i pé kì í ṣe ohun tó pọ̀ jù ló ń wá nínú ìkòkò. Bó bá wò ó tí kò rí nǹkan kan, á pín oúnjẹ iwájú rẹ̀ sí méjì, á ti ìdajì sí mi, kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Mo dúró síbẹ̀, ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́ mi, omi ń dà lójú mi. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ata ni.

Ojú mi là o. Bí òjò bá ṣú lápá Takie, á pè mí lórí fóònù, á ní, "Ó ṣú lápá ibí o," á gé e. Ó fẹ́ kí n kó aṣọ ni. Bí a bá jà, kì í bẹ̀bẹ̀, ṣe ló máa mú epo, á máa fi sí híńjì ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ìjà tí a ti jà, kó ṣáà wá ṣí ilẹ̀kùn ilé wa wò, kò sí èyí tó ń ké. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé àjákọ, mo sì kó o lọ s'Ọ̀yọ́.

Alàgbà Oyèkúnlé ò bi mí níbi tí mo ti rí i, wọ́n ṣáà kọ́ mi ní bí a ṣe ń lò ó. Wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kí olólùfẹ́ méjì jókòó máa sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ iyọ̀, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bàtà tó já, kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́ ìfẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ mi pé ìdákẹ́ náà ọ̀rọ̀ ni, pé kí n máa kọ ọ́ sínú ìwé eré kí òṣèré lè mọ ibi tó yẹ kó ti mí. Wọ́n kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní ìkọ́, ìyẹn gbólóhùn ìkẹyìn tó ń fi olùgbọ́ kọ́ di ọjọ́ Ẹtì mìíràn. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà, mo ń ṣe é, ó ń dùn. Àṣìṣe kan péré ni mo ṣe. Obìnrin inú eré mi ń jẹ́ Àṣàbí, mo sì nílò oríkì tó máa fi pe ọkọ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹnu mi ò mọ oríkì méjì tí í fi í pe ọkọ. Àkànní ni mo kọ. Àkànní sì ni oríkì ọkọ mi. Mo sọ fún ara mi pé Àkànní kún ilẹ̀ Ọ̀yọ́ bí erùpẹ̀, ta ló máa mọ̀?

Yé è, eré náà gba ìgboro! Olóúnjẹ kan ní Under G kọ "Ṣí Ìkòkò Kí N Wò Ó" sára pátákó rẹ̀. Àfáà kan fi ṣe wáàsí níbi yìgì, ó ní kí ọkọ ìyàwó wá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á máa wo ìkòkò. Àwọn obìnrin ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí Wasáàpù, wọ́n ń bi wá níbi tí àwọn ti lè rí irú Àkànní yìí fẹ́. Èmi náà ń jó kiri ilé. Ọkọ mi ò mọ nǹkan kan, torí ariwo irin kì í jẹ́ kí rédíò dé etí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ tí mo wà ní Takie yẹn ni àṣírí tú. Mo fi mọ́tò Ọ̀yọ́ sílẹ̀, mo sáré gba ṣọ́ọ̀bù lọ, àṣé ọ̀rọ̀ ti ṣíwájú mi débẹ̀. Láṣún, réwáyà tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, tí òun àti ọkọ mi jọ wà ní ojúlé kan náà, ti jẹun nílé wa nígbà Iléyá, ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ nígbà tí ọkọ mi ní kí n ṣí ìkòkò. Nígbà tó wá gbọ́ ọ lórí rédíò, tó tún gbọ́ Àkànní, ó fi ọwọ́ lu orí. Ó pe àwọn mẹ́ta mìíràn. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kí ọkọ mi: Àkànní o, ọkọ Àṣàbí, ó ṣú lápá ibí o! Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sórí géètì kan, ó fi ìbòjú iṣẹ́ bo ojú, iná ń ta pàrà lára irin. Kò ṣí ìbòjú náà. Ó mọ̀ pé mo dúró níbẹ̀.

Ó délé, ó jẹun tán, ó ní, "O ṣeun." Ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Kò bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo rò pé ọjọ́ kan ni. Ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó di oṣù kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ó na ọwọ́ ibi sí mi tàbí pé ó bú mi. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń dá mi lóhùn, ó ń ra ohun tó yẹ kó rà. Ó kàn ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ ni, bí ẹni ń wọn irin. Òjò pa aṣọ mi lórí okùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo máa ń ṣí ìkòkò sílẹ̀ fúnra mi, màá gbé e síbi tí ojú rẹ̀ á ti tó o, á rìn kọjá. Ilé kékeré ni ilé wa, ṣùgbọ́n n kò rí i kó dákẹ́ tóyẹn rí. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo ní, àárò ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń pa mí.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ti ka ibí yìí, ó sì gbà kí n kọ èsì tó fún mi.

"Mi ò bínú," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu báyìí, á dà bí ẹni pé gbogbo Takie ló jókòó sí pálọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ wo ló wá kù tí mo lè sọ tó jẹ́ tìẹ nìkan?"

Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún gidi.

Eré náà bàjẹ́ lásìkò yẹn. Ìwé àjákọ ò kún mọ́, n kò sì mọ ibòmíràn tí mo ti lè bu omi. Àkànní àti Àṣàbí wá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí onílé àti ayálégbé. Ìyá kan láti apá Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ó ní kí a dá Àkànní àwọn padà, pé òun mọ̀ pé a ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe Àkànní gbọ́ ọ, inú bí i, torí òun kan náà ni. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Alàgbà Oyèkúnlé. Mo sọ ti ìwé àjákọ, mo sọ ti ìdákẹ́ inú ilé mi, mo sì fi ẹ̀sùn díẹ̀ kún un pé àwọn náà ni wọ́n ní kí n lọ gbọ́ ọkọ mi.

"Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ kí etí yín lè là," wọ́n ní. "Mi ò ní kí ẹ gbé e wá. Àdàkọ lẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, Ìyá Kàfáyà. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wàyí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, nítorí pé òótọ́ ni. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ nínú mọ́tò, mo bi ara mi léèrè pé: Àkànní inú eré yìí, kí ló ń bà á lẹ́rù? N kò mọ̀. Ọdún méjì tí mo ti ń kọ ọ́, n kò mọ̀. Ọkọ mi ń sá fún èrò. Kí ni Àkànní ń sá fún? Kí a tó kúrò l'Ọ̀yọ́ tán, mo ti fún un ní ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́. Mo fún un ní ẹnu tó ń pa irọ́ kéékèèké kí ojú má baà tì í. Mo sọ ọ́ di aláròyé. Bí mo ṣe ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ló ń dìde kúrò lára ọkọ mi, ó ń rìn lọ lọ́tọ̀. Mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò, awakọ̀ ń fi dígí wò mí.

Bí mo ṣe délé, mo mú ìwé àjákọ kúrò lẹ́yìn agolo iyọ̀, mo gbé e lé ọkọ mi lọ́wọ́. Mo ní gbogbo ohun tí mo kó lẹ́nu rẹ̀ nìyí, n kò ní ẹ̀dà kankan. Ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì mẹ́nu bà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Láṣún sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó jókòó sórí páìpù, ó ń kà á, pé àwọn rò pé ìwé ikú ni wọ́n gbé wá fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ó gbé àpótí wá, ó jókòó tì mí. Ó sọ gbólóhùn kan fún mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò gùn. Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó rí nǹkan sọ, ó dìde, ó ní, "Màá gbọ́ rédíò lọ́jọ́ Ẹtì," ó lọ wẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí ogun. Eré tí mo ní láti kọ lọ́sẹ̀ yẹn nìyí: ibà ń ṣe Àṣàbí, Àkànní tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù, ó rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún ìyàwó rẹ̀, ó sì dákú gbọnrangandan. Nígbà tó bá lajú, ó gbọ́dọ̀ sọ nǹkan. Gbólóhùn tí ọkọ mi sọ lẹ́yìnkùlé bá ibẹ̀ mu rẹ́gí. Bí ẹ bá wá gbogbo ilẹ̀ Oòduà já, ẹ ò ní rí ìkọ́ tó dára tó o. Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Mo kà á sókè, mo jó yí ààrò po. Mo ń sọ fún ara mi pé kò ní dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ̀, pé màá yí orí rẹ̀ padà sí ìdí. Irọ́ ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú mọ́tò, mo mú bírò, mo pa á rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ débi pé ìwé náà ya. Obìnrin tó jókòó tì mí rọra bi mí bóyá ìwé kóòtù ni, ó ní kí n ṣe sùúrù, pé ọkùnrin bákan náà ni gbogbo wọn. Mo ní kì í ṣe ìwé kóòtù, iṣẹ́ mi ni. Mo wá kọ òmíràn síbẹ̀, lórí eékún mi, kí mọ́tò tó dé Owódé l'Ọ̀yọ́.

Àkànní lajú nílẹ̀ ọsibítù, ó ní, "Mi ò dákú o. Mo ń wò ó bóyá ilẹ̀ ibí tutù ni."

Àṣàbí, tí ibà ń ṣe, ń fi káàdì ọsibítù fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ó tutù?"

"Ó tutù. Wá jókòó."

Ìdákẹ́. Lẹ́yìn náà, ìró aṣọ obìnrin tó ń rọra jókòó sílẹ̀. Ó parí.

Alàgbà Oyèkúnlé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ èyí. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, sà, èmi ni mo rò ó. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Láti ọdún méjì tí mo ti wà nídìí eré kíkọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kí mi kú iṣẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ mi kírun Jímọ̀ tán, kò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé rédíò lé itan, ó tẹ etí sí i. Èmi jókòó sórí ẹní, n kò lè wò ó lójú. Gbogbo ìgbà tí Àkànní bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọkọ mi á le mọ́ rédíò. Nígbà tí Àkànní dákú, ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀, ó yára pa á mọ́. Wọ́n dé ibi tí ọkùnrin náà ti lajú. Wọ́n sọ ti ilẹ̀ tutù, Àṣàbí jókòó, orin dé, olóòtú pe orúkọ mi. Síbẹ̀ kò pa rédíò. Ó gbọ́ ìpolówó ọṣẹ kan tán, ó gbọ́ ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè sápamọ́ sínú wọn.

Ó wá pa á.

"Kò sí níbẹ̀," ó ní.

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀."

Ó gbé rédíò sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó wá bá mi lórí ẹní. Ni ọkọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ohun tí n kò gbọ́ rí lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti wà nílé rẹ̀, ó mú mi rẹ́rìn-ín, ó mú mi sunkún, ó tún mú mi rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Mágàríbì. N kò kọ ẹyọ kan sílẹ̀.